Bí Ẹbí Ṣe Lè Máa Lọ sí Ọgbà Greenwich Jálẹ̀ Ọdún, Láti Ìgbà Ìwọ́wé títí dé Ìgbà Ooru

Ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí Yorùbá tí a ń gbé ní gúúsù-ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní Thamesmead, ní Woolwich, ní Plumstead, ní Deptford àti ní Peckham, ni ó jẹ́ pé inú oṣù keje àti oṣù kẹjọ nìkan ni a máa ń rántí pé ọgbà ìgbafẹ́ wà. Bí oòrùn bá ti ràn, a ó di ìrẹsì sínú kúlà, a ó kó àwọn ọmọ jọ, a ó sì tẹ́ aṣọ sórí koríko. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di oṣù kẹwàá, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó tan ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná, àwọn ọmọ yóò sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n títí di ọdún Àjíǹde. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko kí n tó yí padà. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ mú ọgbà kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa padà síbẹ̀ nínú òtútù àti nínú ooru, nítorí pé ọmọ tí a bí sí ìlú yìí nílò ilẹ̀ kan tí ó mọ̀ bí àwa ṣe mọ ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá wa, tí ó mọ igi tí ó máa ń kọ́kọ́ rúwé níbẹ̀, ibi tí omi máa ń dárogún sí lẹ́yìn òjò, àti ìhà tí afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ wá.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń pè é ní ọgbà. Bí mo bá sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé a wà ní páàkì, Ìwó Road ni yóò wá sí i lọ́kàn, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò, yóò sì béèrè ìlú tí a ń lọ.

Ọgbà Greenwich ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà lára àwọn ọgbà ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1433 ni wọ́n sì ti sọgbà yí i ká. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 74, a kì í sanwó kí a tó wọ inú rẹ̀, ó ní òkè, ó ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì ní àwọn igi tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 350 ọdún. Ẹni tí ó ń gbé ní Manchester tàbí ní Birmingham lè fi ọgbà tí ó súnmọ́ ọn jùlọ rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ohun tó pọ̀ jùlọ nínú ìmọ̀ràn yìí yóò bá ibẹ̀ náà mu.

Ẹnu ọ̀nà tí ẹ ó gbà wọlé

Kí ẹ tó ronú aṣọ tàbí oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹnu ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà. Ilẹ̀ ọgbà náà dà láti gúúsù wá sí àríwá: ìhà Blackheath ni òkè, ìhà odò Thames sì ni ìsàlẹ̀. Bọ́ọ̀sì 53, tí ó ń bọ̀ láti Plumstead àti Woolwich, orí Blackheath ni ó ń gbà kọjá, nítorí náà ẹni tí ó bá ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, aboyún, àti ẹni tí ó bá mú ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn dání, ẹnu ọ̀nà Blackheath Gate ni kí wọ́n gbà, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú títí dé ibi tí ère James Wolfe, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, dúró sí, tí a ti ń wo odò àti gbogbo ìlú láti òkè. Bọ́ọ̀sì 177, tí ó ń ná Thamesmead sí Peckham, ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀ ń gbà. Èyí ni ó dára fún àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ lọ tààrà sí pápá ìṣeré ọmọdé, tí ó wà ní igun ìsàlẹ̀ ní ìhà Maze Hill, pẹ̀lú adágún kékeré kan nítòsí rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ìsàlẹ̀ ni mo ti ti kẹ̀kẹ́ ọmọ méjì gun òkè náà, kí n sì tó dé ibi ère, àwọn ọmọ ti ń sunkún, agbára mi sì ti tán fún ohun tí a torí rẹ̀ wá. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 11 kì í sanwó nínú bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ ọdún 11 sí 15 náà kì í san án bí wọ́n bá ní káàdì Zip Oyster. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ wá yóò rí ibi ìgbọ́kọ̀sí tí a ń sanwó fún ní Blackheath Avenue. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí ó ń fẹsẹ̀ rìn, àmọ́ àkókò títì ń yí padà láti oṣù dé oṣù: agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni nínú òtútù, ó sì lè kọjá agogo mẹ́sàn-án alẹ́ nínú oṣù kẹfà. Ó wà lára pátákó tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ọmọ tí ó bá ti mọ ìwé kà kà á sókè fún gbogbo ilé kí ẹ tó wọlé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà ìwọ́wé

Oṣù kẹwàá ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń padà sínú ilé. Òtútù máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀ ní àkókò yìí, ara ọmọ tí ó bá sì ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò ti mọ́ ọn kí oṣù kìíní tó dé. Ọmọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú oṣù kìíní láti inú yàrá gbígbóná kò ní fẹ́ràn ọgbà náà, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi.

Òjò, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ni àwa bá dàgbà nílé, nítorí náà ó yẹ kí a wá ọ̀nà ṣàlàyé fún ọmọ ìdí tí gbogbo igi fi ń bọ́ra sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níhìn-ín. Ọ̀nà tí ó rọrùn fún mi ni láti bẹ̀rẹ̀ láti ara igi àràbà, tí òun náà máa ń wọ́wé nínú ẹ̀ẹ̀rùn nílé wa nítorí pé omi kò tó nínú ilẹ̀. Igi ibí ń wọ́wé nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń dín kù, òtútù sì ń pọ̀ sí i. Kí ewé tó jábọ́, igi a máa tú àwọ̀ tútù inú ewé náà ká, èyí tí ó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti ṣe oúnjẹ, àwọ̀ ìyeyè tí ó ti fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí yóò sì wá hàn. Mo ti sọ èyí fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì yé e dáadáa débi pé ó lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún tíṣà rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan igi kan tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ wá a láàárín àwọn igi chestnut àtijọ́ tí wọ́n gbìn sí ìlà ní àwọn ọdún 1660, nígbà ayé Ọba Charles Kejì, nítorí pé ó rọrùn láti dá wọn mọ̀: ìdí wọn tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ mẹ́ta kò lè fi ọwọ́ kọ́ra yí i ká, èèpo wọn sì lọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fún omi jáde nínú aṣọ. Ẹ ya fọ́tò ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, kí ẹ tún yà á ní oṣù kìíní, oṣù kẹrin àti oṣù keje, ní ojú kan náà tí ẹ dúró sí tẹ́lẹ̀. Ohun kékeré yìí ni ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ tèmi fẹ́ padà lọ, torí pé wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí igi wọn.

Ní oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá ni èso chestnut máa ń já bọ́ sílẹ̀. Àwa tí a ti jí lọ ṣa ìyeyè àti àgbálùmọ̀ lábẹ́ igi rí, ọwọ́ yóò máa yún wa láti ṣa á, ṣùgbọ́n òfin àwọn ọgbà ọba kò gbà kí a ṣa èso tàbí olú lọ sílé, nítorí pé òun ni àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹyẹ yóò jẹ kọjá ìgbà òtútù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mú un lọ́wọ́, kí ó wò ó, kí ó sì fi í sílẹ̀. Ewu kan tún wà níbẹ̀ tí gbogbo òbí gbọ́dọ̀ mọ̀: irú igi mìíràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní horse chestnut máa ń so èso tí ó jọ ọ́, tí ó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n tí ó ní oró nínú fún ẹni tí ó bá jẹ ẹ́. Ẹ wo èèpo rẹ̀ láti mọ ìyàtọ̀. Èèpo èyí tí ó ṣeé jẹ kún fún ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tí ó ki, tí ó sì gún bí ara òòrẹ̀, orí èso inú rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Èèpo ti olóró ní ẹ̀gún kúkúrú tí ó jìnnà síra, èso inú rẹ̀ sì rí rogodo. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà pẹ̀lú yín, kí ẹnì kan máa wo ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, tí wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, jẹ́ ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹ wà ní Greenwich. Lára ògiri ẹnu ọ̀nà Royal Observatory, ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ lórí òkè inú ọgbà náà, ní ìta níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gba owó lọ́wọ́ yín, aago kan wà tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní ọdún 1852. Wákàtí 24 ni wọ́n pín ojú rẹ̀ sí, nítorí náà bí ó bá di ọ̀sán gangan, ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ wákàtí rẹ̀ máa ń kọjú sí. Wọn kì í tì í síwájú nígbà ooru, wọn kì í sì í dá a padà nígbà òtútù; àkókò Greenwich ni ó ń sọ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Aago Nàìjíríà náà kì í yí padà, ó sì fi wákàtí kan ṣíwájú àkókò Greenwich. Èyí ni pé bí ọmọ bá fi ẹyọ kan kún ohun tí aago ara ògiri yìí sọ, ó ti mọ ohun tí aago lù ní Abẹ́òkúta, ìbáà ṣe òtútù, ìbáà ṣe ooru. Mo ti gbìyànjú láti fi àwòrán ayé kọ́ àwọn ọmọ mi ní èyí, kò wọ̀ wọ́n létí. Iwájú aago yẹn ni ó ti yé wọn.

Ìgbà òtútù ni iṣẹ́ pọ̀ sí jùlọ

Ní oṣù kejìlá, oòrùn kì í là títí di nǹkan bí agogo mẹ́jọ àárọ̀, ilẹ̀ sì ń ṣú kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹbí tí ó bá dé láti ilé ìjọsìn, tí ó jẹun, tí ó sinmi díẹ̀, tí ó wá sọ pé òun fẹ́ lọ sí ọgbà, òkùnkùn ni yóò pàdé. Nítorí náà ẹ fi ọjọ́ Àbámẹ́ta sí i, kí ẹ wọ inú ọgbà ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, kí ẹ sì ti máa padà sílé kí agogo mẹ́ta tó lù. Bí àwọn ọmọ kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, ìṣẹ́jú 45 ti tó. Ó sàn kí wọ́n kúrò níbẹ̀ nígbà tí ó ṣì wù wọ́n láti dúró ju kí wọ́n máa gbọ̀n padà sílé.

Ní ti aṣọ, ọ̀pọ̀ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a wọ̀ léra sàn ju aṣọ kan ṣoṣo tí ó nípọn lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín wọn ni ó ń pa ooru ara mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹ fi aṣọ alápá gígùn lé e, ẹ wọ súwẹ́tà lé ìyẹn, kí ẹ tó wá fi jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ àti omi kò lè là kọjá parí rẹ̀. Bí ọmọ bá sáré tí ó sì làágùn, ẹ bọ́ ọ̀kan kúrò lára rẹ̀ kíákíá, nítorí pé òógùn tí ó bá tutù sí ọmọ lára léwu ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìbọ̀sẹ̀ méjì dára bí bàtà bá gbà á. Bí bàtà bá fún mọ́ ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kejì yóò dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ẹsẹ̀ yóò sì tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi okùn so ìbọ̀wọ́ méjèèjì pọ̀, kí okùn náà gba inú apá jákẹ́ẹ̀tì kọjá, ẹ ó sì rí i pé kò ní sọnù mọ́. Fún àwọn ọmọbìnrin tí irun wọn jẹ́ dídì, àti fún àwa ìyá pàápàá, kí fìlà sátíìnì kọ́kọ́ wà lábẹ́ fìlà onírun àgùntàn, nítorí pé irun àgùntàn máa ń fa òróró kúrò nínú irun orí, ó sì ń gé etí rẹ̀. Ẹ fi òrí pa ara wọn láti ilé nígbà tí omi ìwẹ̀ kò tíì gbẹ tán lára, kí ẹ sì fi díẹ̀ sí ètè. Kò sí ìpara inú ìgò kan tí mo ti rí tí ó ṣiṣẹ́ tó òrí nínú afẹ́fẹ́ oṣù kejì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa tí ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn ọgbà kì í mẹ́nu bà, ìyẹn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ súnkì, ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ti rí bí dòjé nínú ara ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò tètè dí ọ̀nà, ìrora ńlá yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn tí ó ní in, a kì í sì í fi í sílẹ̀ sílé. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí ó ń tọ́jú rẹ̀, a kì í mú un jáde lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń jà tàbí tí omi bá di yìnyín, a máa ń mú ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ mìíràn dání, a sì máa ń fún un ní omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mu ní gbogbo ìgbà tí a bá jókòó, nítorí pé kí omi dín kù lára náà a máa fa ìrora yìí. Oògùn ìrora tí dókítà kọ fún un wà nínú báàgì mi. Bí ó bá sọ pé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń ro òun, a kì í ní kí ó ṣe sùúrù díẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni a ń lọ. Bí ibà, àyà dídùn tàbí àìlèmí dáadáa bá bá a rìn, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ilé.

Àwọn òbí kan máa ń sọ pé torí fítámínì D ni àwọn ṣe ń mú ọmọ jáde nínú òtútù. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, oòrùn ilẹ̀ yìí kò lágbára tó láti jẹ́ kí awọ ara ṣe fítámínì náà, awọ tí ó dúdú sì nílò oòrùn púpọ̀ sí i kí ó tó ṣe é. Ìdí nìyí tí ìjọba fi gbani nímọ̀ràn pé kí àgbà àti ọmọ ronú àtimáa lo máíkrógíráàmù 10 lójúmọ́ nínú ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù, kí àwa tí a ti ilẹ̀ Áfíríkà wá ronú àtimáa lò ó jálẹ̀ ọdún, kí wọ́n sì máa fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin lójoojúmọ́. Ẹ ra á ní ilé ìtàògùn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, eré sísá àti oorun alẹ́ tí ó dára ni ọgbà yóò fún ọmọ yín ní oṣù kìíní, ìwọ̀nyẹn náà sì tó ohun tí a ń torí rẹ̀ jáde.

Oúnjẹ gbọ́dọ̀ gbóná, ó sì gbọ́dọ̀ rọrùn láti jẹ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Kí ẹ tó da ẹ̀kọ mímu sínú fúláàsì, ẹ da omi híhó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tó wá da ẹ̀kọ sí i. Yóò gbóná pẹ́ gan-an. Mọ́ínmọ́ín dára ju àkàrà lọ fún ìgbà yìí, torí pé àárín rẹ̀ máa ń pa ooru mọ́. Ẹ mú ọ̀rá kan dání tí ẹ ó tẹ́ sórí bẹ́ǹṣì, nítorí pé bẹ́ǹṣì kì í gbẹ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun, ẹ gun òkè lọ wo bọ́ọ̀lù pupa tí ó wà lórí òrùlé Royal Observatory. Láti ọdún 1833 ni wọ́n ti gbé e síbẹ̀ kí àwọn atukọ̀ lórí odò Thames lè máa fi tún aago wọn ṣe. Ní aago 12:55, yóò gòkè dé ìdajì òpó rẹ̀. Ní 12:58, yóò dé òkè pátápátá. Ní agogo kan gééré, yóò já wálẹ̀. Bí atẹ́gùn bá le, wọn kì í fà á sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni bí iṣẹ́ àtúnṣe bá ń lọ lára ilé náà, nítorí náà ẹ wo ìkéde wọn kí ẹ tó ṣèlérí fún ọmọ. Kí àwọn ọmọ máa ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn ní Yorùbá, láti ẹ̀wá padà sí ení. Ẹni tí kò mọ ẹ̀sán àti ẹ̀jọ tẹ́lẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n níbẹ̀, nítorí pé kò ní fẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà já kí òun tó kà á tán.

Igi tí kò léwé máa ń fi ohun púpọ̀ hàn: ìtẹ́ ẹyẹ, ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó ń sá láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, àti àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ewé tí wọ́n jọ ayékòótọ́ wa, tí ariwo wọn kì í sì í jẹ́ kí a wá wọn pẹ́. Ẹ má ṣe fún èyíkéyìí nínú wọn ní oúnjẹ, àwọn alábòójútó ọgbà kò fẹ́ ẹ. Bí adágún bá di yìnyín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e, bí ó ti wù kí ó nípọn lójú tó. Bí òtútù bá sì wá borí yín, National Maritime Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa òkun àti ọkọ̀ ojú omi, wà ní ìsàlẹ̀ òkè, ọ̀fẹ́ ni ìwọlé rẹ̀, ó sì móoru. Ìtàn òwò ẹrú orí òkun Atlantic wà lára ohun tí wọ́n pàtẹ síbẹ̀. Kí òbí kọ́kọ́ dá wọ ibẹ̀ kí ó tó mú ọmọ wọ̀ ọ́, kí ó lè mọ ohun tí yóò sọ nígbà tí ọmọ bá béèrè ibi tí wọ́n ti kó àwọn ènìyàn náà.

Ìgbà ìrúwé

Òdòdó daffodil ni ó máa ń kọ́kọ́ yọ, nígbà mìíràn láti inú oṣù kejì, ó sì máa ń dà bíi pé ẹnì kan da ìyeyè pípọ́n sórí koríko. Ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹrin, ẹ lọ sí ìhà Ranger's House, ilé ńlá àtijọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà, níbi tí àwọn igi ṣẹ́rì tò sí ọ̀tún àti òsì ọ̀nà, tí òdòdó àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ sì bò wọ́n láti òkè délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́, kò ní pé bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe sún un síwájú. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ iṣẹ́ ni ó dára jù, torí pé lópin ọ̀sẹ̀ èrò tí ó ń ya fọ́tò máa ń pọ̀ púpọ̀. Ní oṣù kẹrin náà ni eré ìje Marathon ti Lọ́ńdọ̀nù máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Greenwich àti Blackheath. Ẹ wádìí ọjọ́ náà, kí ẹ sì yẹra fún un bí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́ ọmọ, nítorí wọ́n máa ń dí àwọn ọ̀nà, bọ́ọ̀sì sì máa ń yà.

Ojú ọjọ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé ní àkókò yìí. Òjò lè rọ̀, oòrùn lè ràn, yìnyín sì lè bọ́ láàárín wákàtí méjì, nítorí náà ẹ̀wù òjò gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì lọ́jọ́ tí òfuurufú bá tilẹ̀ mọ́ kedere. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù keje, ìyẹ̀fun òdòdó koríko máa ń pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ojú wọn sì máa ń yún wọn, tí wọ́n ń sín léraléra, tí a sì rò pé òtútù ni ó mú wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn. Ẹni tí ó bá ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ mú ínhélà rẹ̀ dání, kì í ṣe kí ó wà nílé lórí tábìlì.

Ìgbà ooru

N kò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí pé gbogbo wa ni a mọ ọ̀nà ọgbà nígbà ooru. Ẹ kàn rántí pé wọn kì í gbà kí a dáná sun ẹran nínú àwọn ọgbà ọba. Ẹ sun súyà yín nílé, kí ẹ fi bébà dì í. Ẹ má ṣe tẹ́ aṣọ sábẹ́ ẹ̀ka ńláńlá àwọn igi àtijọ́ náà, nítorí pé nínú ooru tí ó gbẹ, ẹ̀ka lè ṣẹ́ já bọ́ láìsí atẹ́gùn kankan. Awọ dúdú náà máa ń jóná, nítorí náà ẹ fi ìpara tí ń dènà oòrùn pa àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá ti ṣeré nínú koríko gíga, ẹ yẹ ẹsẹ̀ wọn wò nígbà tí ẹ bá délé bóyá eégbọn wà níbẹ̀; bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ mú un níbi tí ó ti fẹnu kan awọ gan-an, kí ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀ láì lọ́ ọ.

Ní oṣù kẹfà, ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn ọmọ kò ní tètè sùn. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà Blackheath wọlé ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí igi wọn, kí ẹ sì wá dúró sí ibi ère Wolfe títí ẹ ó fi rí i pé oòrùn ń lọ sílẹ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Ní ìgbà ooru, aago Lọ́ńdọ̀nù àti aago Nàìjíríà dọ́gba, nítorí náà ilẹ̀ ti ṣú láti nǹkan bí wákàtí méjì sẹ́yìn ní ilé ìyá àgbà, wọ́n sì ti jẹun alẹ́ tán. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù tí ń fi àwòrán hàn, kí àwọn ọmọ kí wọn pé "Ẹ káalẹ́, mà," kí wọ́n sì yí fóònù náà síta kí ìyá àgbà lè rí oòrùn.